Bí ẹ́ńjìnnì bàálù bá kú lẹ́nu ìgbéra: Ohun tí àwọn awakọ̀ ń lọ kọ́ nínú bàálù tí kì í fò

Ilẹ̀ ti ṣú ní pápákọ̀ òfurufú. Òjò ń fún wínníwínní sára gíláàsì iwájú bàálù. Awakọ̀ méjì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọ̀gá lápá òsì, igbákejì rẹ̀ lápá ọ̀tún. Àwọn iná funfun tí wọ́n tò sí àárín ojú ọ̀nà nà lọ gbọọrọ níwájú wọn títí ojú kò fi tó o mọ́. Ọ̀gá awakọ̀ ti ọ̀pá agbára méjèèjì síwájú, ẹ́ńjìnnì bú ramúramù, bàálù sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Igbákejì ń wo aago eré, ó ń ké e jáde bí ó ti ń gòkè. Nígbà tí ó pariwo pé “V1!”, ọ̀gá awakọ̀ gbé ọwọ́ kúrò lórí ọ̀pá agbára. Kí ọwọ́ náà tó dé ibi tí ó ń lọ ni nǹkan dún gbàmù lápá òsì. Bàálù gbọ̀n rìrì, imú rẹ̀ yà bàrá sí òsì bí ẹni pé ẹnìkan fi okùn fà á, iná pupa tàn, agogo ìkìlọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún kíkankíkan.

Kò sí ẹni tí ó kígbe nínú àwọn méjèèjì. Kò sí ẹni tí ó fa ọ̀pá agbára sẹ́yìn. Ọ̀gá awakọ̀ na ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí imú bàálù fi padà sí àárín ojú ọ̀nà. Ó rọra gbé imú sókè. Táyà kúrò nílẹ̀. “A ti ń gòkè,” ni igbákejì wí. “Ká ẹsẹ̀ bàálù sókè,” ni ọ̀gá dá a lóhùn. Lẹ́yìn èyí, àwọn méjèèjì dákẹ́, wọ́n ń wo aago, ilẹ̀ ń rẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ wọn.

“Ó dára bẹ́ẹ̀,” ni ohùn kan wí láti ẹ̀yìn wọn. Ọkùnrin tí ó jókòó sẹ́yìn tẹ bọ́tìnì kan. Òjò dúró lójú kan náà, iná ìlú tí ó wà nísàlẹ̀ kò mì mọ́, agogo dákẹ́. “A ó tún un ṣe. Lọ́tẹ̀ yìí, igbákejì ni yóò wà á.” Kí wọ́n tó mí tán, bàálù ti padà sí ẹnu ọ̀nà ìgbéra, bí ẹni pé kò kúrò níbẹ̀ rí.

Òtítọ́ sì ni pé kò kúrò níbẹ̀. Sìmúlétọ̀ ni. Inú gbọ̀ngàn ńlá kan ni ó wà, ó dúró lórí ẹsẹ̀ irin mẹ́fà tí ń nà tí ń sún kì. Kò ní ìyẹ́, kò ní ìrù, kò sì ní epo kankan nínú. Ṣùgbọ́n òógùn tí ó wà níwájú orí àwọn awakọ̀ méjèèjì kì í ṣe ti àdíbọ́n. Bí wọ́n bá kùnà ìdánwò yìí, wọn kò ní gbé èrò mọ́ títí wọn yóò fi tún un kọ́, tí wọn yóò sì yege. Lẹ́ẹ̀méjì lọ́dún ni awakọ̀ bàálù èrò ń fara hàn fún irú ìdánwò báyìí, ì báà jẹ́ ọmọ tuntun lẹ́nu iṣẹ́, ì báà jẹ́ ẹni tí irun rẹ̀ ti funfun sídìí rẹ̀.

ÌGBÀ TÍ ỌWỌ́ Ń KÚRÒ LÓRÍ Ọ̀PÁ

Bí ẹ́ńjìnnì kan bá kú nígbà tí bàálù wà lókè réré, àyè wà. Gíga wà lábẹ́ awakọ̀, eré wà lára bàálù, awakọ̀ sì lè ṣí ìwé ìtọ́sọ́nà kí ó máa kà á ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Ẹnu ìgbéra kò rí bẹ́ẹ̀. Bàálù wúwo fún epo, ilẹ̀ wà nítòsí, eré kò tíì pọ̀ tó, ojú ọ̀nà sì ń tán lọ níwájú. Láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 30 sí 40 ni bàálù èrò ń ti ìdúró dé eré bíi kìlómítà 250 ní wákàtí kan. Ẹni tí ó bá dúró láti ronú ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, ìrònú rẹ̀ yóò parí sínú igbó.

Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń ṣe ìpinnu sílẹ̀ kí ọ̀ràn tó dé. Kí bàálù tó gbéra, àwọn awakọ̀ á ti ṣírò bí ó ti wúwo tó, bí ojú ọ̀nà ti gùn tó, bí ooru ti mú tó, ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá, àti bóyá ilẹ̀ tutù fún òjò. Nínú ìṣirò yìí ni wọ́n ti ń rí ìwọ̀n eré tí wọ́n ń pè ní V1. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú kí bàálù tó dé V1, dídúró ni: awakọ̀ á pa agbára, á sì tẹ bíréèkì. Bí ó bá ti kọjá V1, lílọ ni. Ojú ọ̀nà tí ó kù kò tó bàálù dúró mọ́, ẹ́ńjìnnì kan tí ó ṣẹ́kù ni yóò gbé wọn dìde. Ọ̀gá awakọ̀ kì í fi ọwọ́ sílẹ̀ lórí ọ̀pá agbára lẹ́yìn V1, nítorí pé ọwọ́ tí kò sí lórí ọ̀pá kò lè fi ìbẹ̀rù fà á sẹ́yìn.

Àwọn tí ń kan bàálù náà ní òfin tí wọ́n ń tẹ̀ lé. Bí ẹ́ńjìnnì bá tilẹ̀ kú ní ibi tí ó burú jù, bàálù èrò gbọ́dọ̀ lè ga tó ẹsẹ̀ bàtà 35, ìyẹn nǹkan bíi mítà mẹ́wàá ó lé díẹ̀, ní òpin ojú ọ̀nà tí wọ́n ṣírò fún un. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ká ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, bàálù ẹlẹ́ńjìnnì méjì gbọ́dọ̀ lè gun ó kéré tán mítà 2.4 sókè nínú mítà 100 tí ó bá lọ síwájú. Ìyẹn kò ga rárá. Ẹni tí ó bá ti gun Òkè Olúmọ rí ti gun ohun tí ó le jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́pọ̀lọpọ̀. Ṣùgbọ́n ó tó láti mú èrò padà sílẹ̀ láàyè, bí awakọ̀ kò bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ bà á jẹ́.

ẸSẸ̀ NI Ó KỌ́KỌ́ ṢIṢẸ́, ỌWỌ́ Ń DÚRÓ

Ohun tí ẹni tí kò mọ̀ yóò rò ni pé bí ẹ́ńjìnnì kan bá kú, bàálù yóò kàn dínkù ní agbára ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tí ó kù lápá kan ń ti apá tirẹ̀ síwájú, apá kejì sì ń fà sẹ́yìn, gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí ẹnìkan ṣoṣo bá ń wa ọkọ̀ ojú omi ní apá ọ̀tún nìkan. Imú bàálù á máa yí lọ sí apá tí ẹ́ńjìnnì ti kú. Ohun tí ń dá a padà ni pátákó tí ó dúró gangan níbi ìrù, èyí tí awakọ̀ ń fi ẹsẹ̀ darí. Bí ti òsì bá kú, ẹsẹ̀ ọ̀tún ni yóò tẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí ti ọ̀tún bá kú, ẹsẹ̀ òsì ni. Àwọn olùkọ́ a máa sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé ẹsẹ̀ tí kò ṣe nǹkan kan ni ó wà lápá ẹ́ńjìnnì tí ó ti kú. Ẹni tí ó bá tẹ ẹsẹ̀ òdì, kíá ni bàálù yóò fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀.

Nígbà tí imú bá ti tọ́, tí bàálù ti ń gòkè, tí wọ́n sì ti ká ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ̀kọ́ tí ó le jù ni ó kàn, ìyẹn ni kí wọ́n má ṣe nǹkan kan. Ní ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ bàálù, wọn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì tí ó kú títí wọn yóò fi ga tó ẹsẹ̀ bàtà 400, ìyẹn nǹkan bíi mítà 120. Agogo lè máa dún, iná lè máa tàn, kí awakọ̀ ṣáà máa wa bàálù rẹ̀. Àwọn àgbà ti wí pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Nígbà tí àkókò bá tó láti pa ẹ́ńjìnnì náà pátápátá, ẹnìkan kò gbọdọ̀ dá a ṣe. Igbákejì á fi ọwọ́ lé ọ̀pá náà láì fà á. Á béèrè pé, “Ẹ́ńjìnnì kìíní, ṣé òun ni?” Ọ̀gá á yí ojú, á wo ọwọ́, á wo aago, á ní, “Òun ni.” Ìgbà náà ni wọn yóò tó fà á. Bákan náà ni wọn yóò ṣe fún bọ́tìnì tí ń dí epo àti èyí tí ń pa iná ẹ́ńjìnnì. Lójú ẹni tí ń wò wọ́n, ó lè dà bí ìfàkókòṣòfò. Ẹ̀mí àwọn tí ó kú nítorí àìṣe bẹ́ẹ̀ ni ó kọ́ wọn lọ́gbọ́n yìí.

NÍGBÀ TÍ WỌ́N Ń FI BÀÁLÙ GIDI DÁNRAWÒ

Kì í ṣe òní ni wọ́n ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ yìí, ṣùgbọ́n nígbà kan rí, inú bàálù gidi, lójú òfurufú gidi, ni wọ́n ti ń kọ́ ọ. Olùkọ́ á dédé fa ọ̀pá ẹ́ńjìnnì kan sẹ́yìn lẹ́nu ìgbéra, akẹ́kọ̀ọ́ á sì máa bá a jà. Ìdánrawò yìí fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pa ènìyàn.

Ní ọjọ́ 4 oṣù keje ọdún 1966, bàálù DC-8 kan ti ilé-iṣẹ́ Air New Zealand gbéra fún ẹ̀kọ́ ní ìlú Auckland. Kò sí èrò nínú rẹ̀, òṣìṣẹ́ márùn-ún péré ni. Wọ́n fa ọ̀pá ẹ́ńjìnnì kẹrin sẹ́yìn láti díbọ́n pé ó ti kú. Ọ̀pá náà kọjá ibi tí ó yẹ kí ó dúró, ẹ́ńjìnnì sì bẹ̀rẹ̀ sí í ti bàálù sẹ́yìn dípò síwájú. Bàálù fi apá ọ̀tún gbálẹ̀. Ènìyàn méjì kú nínú àwọn márùn-ún. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹta ọdún 1967, DC-8 ti Delta ń dánra wò nítòsí ìlú New Orleans ní Amẹ́ríkà, wọ́n ń díbọ́n pé ẹ́ńjìnnì méjì ti kú bí wọ́n ti fẹ́ balẹ̀. Ó já lu ilé ìtura kan. Àwọn mẹ́fà tí ó wà nínú rẹ̀ kú, ènìyàn 13 sì kú nílẹ̀, àwọn ọmọ iléèwé girama tí wọ́n wá ṣe ìgbafẹ́ sì wà lára wọn. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹfà ọdún 1969, bàálù Convair 880 ti Japan Air Lines jóná ní Moses Lake, ní Amẹ́ríkà kan náà, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ bí ẹ́ńjìnnì kan ṣe ń kú lẹ́nu ìgbéra. Mẹ́ta kú nínú márùn-ún.

Bẹ́ẹ̀, kò sí bàálù kan nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bàjẹ́ kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ìbéèrè tí ó wá dojú kọ àwọn aláṣẹ ni bí ènìyàn yóò ṣe kọ́ ohun tí ń pa ni láìkú.

ỌMỌ ẸNI TÍ Ń ṢE DÙÙRÙ

Ìdáhùn ìbéèrè náà ti bẹ̀rẹ̀ tipẹ́, láti ibi tí ẹnikẹ́ni kò lérò. Ní ìlú Binghamton, ní ìpínlẹ̀ New York, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Edwin Link ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ bàbá rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń ṣe dùùrù ńlá irú èyí tí wọ́n ń lò ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó fẹ́ràn bàálù, ṣùgbọ́n owó tí wọ́n ń gbà láti kọ́ni pọ̀. Nígbà tí yóò fi di 1929, ó ti fi ewìrì àti ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ tí ń bẹ nínú dùùrù ṣe bàálù kékeré kan tí ń dà sọ́tùn-ún, tí ń dà sósì, tí ń tẹrí ba, tí kì í sì í kúrò lójú kan. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kà á sí ohun ìṣeré ọmọdé.

Ní 1934, ìjọba Amẹ́ríkà gbé iṣẹ́ kíkó lẹ́tà lọ́nà òfurufú fún àwọn ọmọ ogun. Òtútù, kùrukùru àti òkùnkùn pa ọ̀pọ̀ nínú wọn láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, nítorí pé wọn kò mọ bí a ti ń wa bàálù nípa wíwo aago nìkan. Ìgbà yìí ni àwọn ọ̀gá ológun ra mẹ́fà nínú ẹ̀rọ Link. Nígbà ogun àgbáyé kejì, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ̀rọ náà ni wọ́n lò láti fi kọ́ awakọ̀.

Sìmúlétọ̀ òde òní ti kọjá èyí jìnnà. Gbogbo bọ́tìnì àti aago inú rẹ̀ ni ó bá ti bàálù gidi mu. Kọ̀ǹpútà ń ya àwòrán ojú ọ̀nà, ìlú, ìkùukùu àti òjò síwájú awakọ̀. Ẹsẹ̀ irin mẹ́fà tí ó gbé e dúró sì ní ọgbọ́n ẹ̀tàn tirẹ̀: bí ó bá fẹ́ kí awakọ̀ rò pé òun ń sáré, ó máa ń rọra gbé iwájú sókè kí ẹ̀yìn rẹ̀ lè tẹ àga. Ojú ń rí ọ̀nà tí ń sáré bọ̀, ara sì gbà pé òótọ́ ni. Èyí tí ó dára jù nínú wọn dára dé ibi pé awakọ̀ tí ó ti nírìírí lè kọ́ irú bàálù tuntun tán nínú rẹ̀, kí ọjọ́ àkọ́kọ́ tí yóò wa bàálù gidi náà jẹ́ ọjọ́ tí èrò wà nínú rẹ̀, tí olùkọ́ sì jókòó tì í.

OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀ NÍ TAIPEI

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 4 oṣù kejì ọdún 2015, bàálù ATR 72 ti ilé-iṣẹ́ TransAsia gbéra ní ìlú Taipei, ní erékùṣù Taiwan. Ènìyàn 58 ni ó wà nínú rẹ̀. Kò pẹ́ tí ó kúrò nílẹ̀ ni ẹ̀rọ kan tí ó ní àbùkù mú kí abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì ọ̀tún dẹ́kun ìfàsíwájú. Ti òsì ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ó sì lè gbé wọn padà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀gá awakọ̀ fa ọ̀pá ẹ́ńjìnnì òsì sẹ́yìn, ó sì pa á. Nígbà tí ó fi mọ̀ pé èyí tí ó yè ni òun pa, gíga ti tán. Bàálù fi ìyẹ́ gbá takisí kan lórí afárá, ó sì já sínú odò Keelung. Ènìyàn 43 kú.

Ohun tí ó dunni jù wà nínú ìwé ìwádìí tí ìjọba Taiwan gbé jáde ní 2016. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2014, ọ̀gá awakọ̀ yìí kan náà ti kùnà ìdánwò sìmúlétọ̀ nígbà tí ó fẹ́ gba ipò ọ̀gá. Bí a ti ń ṣe nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá kú lẹ́nu ìgbéra wà lára ibi tí ó kù sí. Ó tún ìdánwò náà ṣe, wọ́n ní ó yege, wọ́n sì fún un ní ipò. Sìmúlétọ̀ ti rí àrùn náà. Ó ti sọ ọ́. Àwọn tí ó yẹ kí wọ́n gbọ́ ni kò fi etí sí i tó. Lẹ́yìn ìjàǹbá náà, ìjọba pe àwọn awakọ̀ ATR ilé-iṣẹ́ náà jọ láti bi wọ́n léèrè ohun tí wọn yóò ṣe bí ẹ́ńjìnnì bá kú; mẹ́wàá ni ó kùnà. Kí ọdún 2016 tó parí, ilé-iṣẹ́ náà ti kógbá wọlé.

TI ÈKÓ NÍ 2013

Kò sí ìdí láti wo òkè òkun nìkan. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹwàá ọdún 2013, bàálù Embraer 120 kan gbéra ní Ìkẹjà, ó ń gbé òkú Dókítà Olúṣẹ́gun Àgágù, gómìnà Oǹdó nígbà kan, lọ sí Àkúrẹ́ fún ìsìnkú. Ènìyàn 20 ni ó wà nínú rẹ̀. Kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ tí ó fi já lulẹ̀ nítòsí pápákọ̀ náà, púpọ̀ nínú wọn sì kú. Ẹni tí wọ́n ń lọ sin kú lẹ́ẹ̀kan, àwọn tí ń sìn ín lọ sì kú tẹ̀ lé e.

Àwọn aṣèwádìí Nàìjíríà sọ pé ohùn ìkìlọ̀ ti ń ké nínú yàrá awakọ̀ nígbà tí bàálù ń sáré lórí ilẹ̀, ìyípo abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì kejì kò sì bójú mu. Síbẹ̀ wọ́n tẹ̀síwájú. Wọ́n tún tọ́ka sí àìsí ìfọwọ́sowọ́pọ̀ tí ó péye láàárín àwọn awakọ̀. Ohun tí sìmúlétọ̀ wà fún gan-an nìyí: kí igbákejì lè lanu sọ pé “Ẹ dúró!”, kí ọ̀gá sì dúró láì wo ẹni tí ó dàgbà jù. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Yàrá awakọ̀ kò yàtọ̀.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, òkè òkun ni awakọ̀ Nàìjíríà ń lọ fún ìdánwò yìí, dọ́là sì ni ilé-iṣẹ́ fi ń san án, láìka owó ìrìn-àjò àti ilé ìtura. Nígbà tí náírà bá ń ṣubú, ẹrù náà ń wúwo sí i. Ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ òfurufú ti ìjọba àpapọ̀ ní Zaria, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1964, ti wá ní sìmúlétọ̀ Boeing 737 tirẹ̀. Ìgbésẹ̀ rere ni, ṣùgbọ́n oríṣiríṣi bàálù ni ó ń fò ní ilẹ̀ yìí, irú kọ̀ọ̀kan sì ń béèrè sìmúlétọ̀ tirẹ̀.

OHUN TÍ Ó KÙ DÍẸ̀ KÁÀTÓ

Ohun kan wà tí ẹ̀rọ kò lè kọ́ni tán. Awakọ̀ tí ó wọ sìmúlétọ̀ mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì yóò kú lónìí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti le, ojú rẹ̀ ti là sílẹ̀. Lójú òfurufú gidi, ó lè gbéra ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà kí nǹkan kan má ṣẹlẹ̀; ọ̀pọ̀ ni yóò fẹ̀yìn tì láì rí ẹ́ńjìnnì tí ó kú lẹ́nu ìgbéra rí. Ìfòyà tí ó ń báni nígbà tí a kò retí rẹ̀ ni ó ń mú ọwọ́ ṣi iṣẹ́. Nítorí náà ni àwọn olùkọ́ tí ó gbọ́n fi ń yí i padà: nígbà mìíràn wọn yóò jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ gbéra ní àlàáfíà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ẹ́ńjìnnì tó kú lẹ́ẹ̀kẹrin, nígbà mìíràn táyà ni yóò bẹ́ ní V1, tí kò sì yẹ kí ó dúró fún un.

Àwọn àgbà ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Kí bàálù kọ̀ọ̀kan tó gbéra, àwọn awakọ̀ á ti sọ ọ́ síta fún ara wọn: bí ẹ́ńjìnnì bá kú kí a tó dé V1, báyìí ni a ó ṣe; bí ó bá kú lẹ́yìn rẹ̀, báyìí ni a ó ṣe. Èrò tí ó wà lẹ́yìn kò gbọ́ wọn. Ọ̀kan di ọwọ́ àga mú, òmíràn ń gbàdúrà lábẹ́lẹ̀, ẹ̀kẹta ti sùn. Ojú ọ̀nà ń sáré kọjá lábẹ́ wọn. Níwájú, ẹnìkan ké pé “V1”, ẹnìkan sì gbé ọwọ́ kúrò lórí ọ̀pá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wà níbi tí ó yẹ kí wọ́n wà, wọ́n ń dúró de ohun tí a ń bẹ Ọlọ́run kí ó má ṣẹlẹ̀.